Wáyà tí Sàlàkọ́ Fi Pamọ́ Sábẹ́ Mọ́tò

Sàlàkọ́ wà lábẹ́ lọ́rì kan, ó ń tú nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún, nígbà tó gbọ́ ohùn náà. Kò tíì rí ẹni tó ni ín, ohùn nìkan ló gbọ́.

"Mẹkáníìkì dà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára wá gbà mí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò mi kọ̀, kò ṣí mọ́!"

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Sàlàkọ́, ó já lù ú láyà. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni kò ti gbọ́ ohùn yẹn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pò ó mọ́ ohùn igba ènìyàn, yóò yọ ọ́. Ó wọ́ jáde lábẹ́ lọ́rì.

Ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1983 ni. Òjò ti ń palẹ̀ mọ́ ní Ìsẹ́yìn, oòrùn sì ti ń gbóná sí i lójoojúmọ́. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta kan ló ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ funfun náà dé iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú ọ̀nà Òkèhò. Omi ń hó lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, èéfín rẹ̀ ń yọ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ìgbà tí ìkòkò bá ń hó tí wọ́n dé ọmọrí mọ́ ọn. Ẹni tó ni mọ́tò ń fi áńkáṣíìfù nu ọrùn. Ó ti sanra ju ti àtijọ́ lọ, irun rẹ̀ ti ń funfun, àmọ́ ìṣe ọwọ́ rẹ̀ kò yí padà: ó ṣì ń fi àtàǹpàkò ra ìka kejì, bí ẹni tó ń wò bóyá ewé kan gbẹ tàbí kò gbẹ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ọkùnrin náà wí. "Mo fa ohun tí wọ́n ń fà nísàlẹ̀ sítíárìn, ó kàn já mọ́ mi lọ́wọ́ ni. Rédíétọ̀ sì ń jò. Bí mi ò bá rí omi bù sí i, ẹ́ńjìnnì á kú."

Ó ń wo Sàlàkọ́ lójú kòrókòró, kò sì dá a mọ̀. Báwo ni yóò ṣe dá a mọ̀? Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Sàlàkọ́ nígbà tí wọ́n ríra gbẹ̀yìn, ẹrù tábà ló sì ń rù nígbà náà.

Festus Adétúnjí ni orúkọ ọkùnrin náà. Nígbà tí tábà gbòde ní Òkè-Ògùn, òun ni iléeṣẹ́ tó ń ra ewé lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ fi síbẹ̀ kó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí àsìkò bá tó, àwọn àgbẹ̀ a di ewé tí wọ́n ti fi iná yan gbẹ ní ẹrù-ẹrù, wọ́n a rù ú lọ sí pápá kan ní Ilua. Festus a máa rìn láàárín ẹrù, a ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, a fi ìka ra ewé, a gbé e símú. Bó bá ní ó dára, wọ́n a rà á. Bó bá ní kò dára, kò sí ibi tí wọ́n lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Ohun kan ṣoṣo tó máa ń sọ fún ẹni tí kò fẹ́ ra tirẹ̀ ni, "Gbé e padà." Ìyẹn ni àwọn àgbẹ̀ fi sọ ọ́ lórúkọ lẹ́yìn rẹ̀: Gbé-e-padà. Gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé ewé ẹni tó bá ti fa ewúrẹ́ lọ sílé Gbé-e-padà kì í bu láé.

Ọdẹ́jọbí, bàbá Sàlàkọ́, kò fa ewúrẹ́ lọ. Ìdílé ọdẹ ló ti wá, ó ti gbé ìbọn kọ́ nítorí tábà, kò sì sí ẹni tó ń yan ewé bí i tirẹ̀ ní agbègbè náà. Òun fúnra rẹ̀ ló ń jókòó ti iná ilé ìyantábà, kì í fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀, Dúróríkẹ́, ní kó ṣe bí àwọn yòókù ti ń ṣe, ó ní, "Ọwọ́ mi ni mo fi ṣiṣẹ́ yìí. Ojú ni kó fi wò ó."

Ẹrù méjìlá ni wọ́n rù dé pápá Ilua lọ́dún 1972. Festus ti ọwọ́ bọ ẹyọ kan ṣoṣo, ẹyọ àkọ́kọ́, kò tilẹ̀ gbé e símú.

"Ìwọ, gbé e padà. Ó ti bu."

Ọdẹ́jọbí tó bàbá bí Festus. Síbẹ̀ ó fi 'ẹ' bá a sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ti ìsàlẹ̀. Ẹ tú u wò."

"Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Ọdẹ́jọbí kò gbé e padà. Ó ní ó di dandan kí ọkùnrin náà fi ojú wo ewé òun. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó ti ẹrù méjìlá náà nínú oòrùn, tí Festus ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láàárọ̀ lálẹ́ bí ẹni tí kò rí ènìyàn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, Dúróríkẹ́ gbé oúnjẹ wá fún ọkọ rẹ̀ láti oko. Kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tán tí òjò fi dé, òjò ńlá tó ń bọ̀ láti ìhà Ìgànnà. Kò sí ohun ìbora. Obìnrin náà bọ́ ìró ìdí rẹ̀, ó ku tòun ti yẹ̀rì, ó ta ìró náà bo ẹrù. Ẹrù kan péré ló bò. Sàlàkọ́ dùbúlẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tí òjò dá, omi dúdú ń ṣàn jáde lára tábà bí omi aró, Festus sì jáde láti inú yàrá rẹ̀ létí pápá, ó fi bàtà ti ẹrù kan, ó rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ rí i? Mo ní ó ti bu."

Ọdẹ́jọbí kò gbin tábà mọ́ láti ọjọ́ náà. Ilé ìyantábà rẹ̀ wó. Ó lọ sí Ìbàdàn lọ ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún olówó kan, ibẹ̀ ló ti kú lọ́dún kejì, lórí pákó tó ń sùn lé nídìí géètì. Sàlàkọ́ fi ilé ìwé módà sílẹ̀ láì parí, ó wá kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìsẹ́yìn. Nígbà tó gba òmìnira tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó mú ìyá rẹ̀ wá sọ́dọ̀. Kò sí ọjọ́ kan tí kò dárúkọ Festus nínú ọkàn rẹ̀. Ó máa ń ronú ohun tí òun yóò fi ọkùnrin náà ṣe bí òun bá rí i. Nígbà mìíràn yóò fi sípánà là á lórí. Nígbà mìíràn yóò mú un dé pápá Ilua, yóò ní kó dọ̀bálẹ̀. Kò fìgbà kan rò pé ọkùnrin náà yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá òun, kó sì máa pe òun ní 'ẹ'.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá," ni Sàlàkọ́ wí. "Ẹ wọnú mọ́tò. Bí mo bá ní kí ẹ fà á, kí ẹ fà á."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀. Nígbà mìíràn wáyà tó ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kì í já, ó kàn ń há ni; bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́ lókè tí ẹnì kejì ń fà á nínú mọ́tò, yóò tú. Kò tú. Ó wọlé, ó fi puláyà mú ìyókù wáyà náà, ó fà á, ó bá a wá gbọọrọ. Ó ti já lọ́hùn-ún, nítòsí lọ́ọ̀kì. Ọ̀nà kan ló kù. Ó fi jáàkì gbé iwájú mọ́tò sókè, ó fi òkúta ti táyà ẹ̀yìn, ó dùbúlẹ̀ gbalaja, ó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Ó tẹ orí wáyà líle kan kọ́rọ́ bí ìwọ̀ ẹja, ó kì í bọ àlàfo tó wà láàárín rédíétọ̀ àti irin iwájú mọ́tò. Kò rí ibi tó ń kì í bọ̀. Ọwọ́ ló fi ń wá a. Omi gbígbóná ń kán sí i léjìká. Ó wá a títí ìwọ̀ náà fi kọ́ ahọ́n lọ́ọ̀kì, ó fà á sí apá òsì.

Pàù! Bọ́nẹ́ẹ̀tì fò sókè.

"Áà! Ẹ ṣeun o! Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ yín!" ni Festus ń wí lókè. Sàlàkọ́ wà nílẹ̀ níbẹ̀, omi gbígbóná ń bó o léjìká, bàtà ọkùnrin náà wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni èrò náà ti wọ inú rẹ̀.

Ó jáde, ó nu ọwọ́. "Kò sí irú wáyà yìí ní Ìsẹ́yìn, ọ̀gá. Ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí, ohun èlò mọ́tò kò wọlé mọ́. Màá fi nǹkan dí rédíétọ̀ yín, àmọ́ á ṣì máa mu omi títí ẹ ó fi rí tuntun. Nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ mi."

Òtítọ́ ni pé kò sí wáyà. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tí inú rẹ̀ mọ́ ì bá so wáyà líle mọ́ ahọ́n lọ́ọ̀kì, ì bá yọ orí rẹ̀ jáde níwájú mọ́tò, kí ẹni tó ni ín lè máa fi ọwọ́ fà á títí tuntun yóò fi dé. Sàlàkọ́ so wáyà mọ́ ọn lóòótọ́. Ó gba ti abẹ́, ó fà á kọjá lẹ́yìn irin gígùn tó gbé mọ́tò ró, ó mú un yí ẹ̀yìn táyà ọ̀tún, ó ká orí rẹ̀ mọ́bẹ̀, ó fi gírísì àti ẹrẹ̀ kùn ún. Bí ènìyàn fi odindi ọjọ́ kan wo abẹ́ mọ́tò náà, kò ní rí i. Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó sì gbọ́ bí lọ́ọ̀kì ti mú un.

Lọ́jọ́ kẹta, Festus padà wá, omi ti tán nínú rédíétọ̀. Sàlàkọ́ wò ó, ó sì padà sídìí lọ́rì tó ń tún ṣe.

"Ẹ jókòó, ọ̀gá. Mò ń bọ̀."

Igi ẹ̀mí kan ṣoṣo, igi tí wọ́n ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, ló wà níbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ sì kún fún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú sílẹ̀. Táyà ògbólógbòó kan ló wà fún ìjókòó, inú oòrùn gangan ló wà. Festus jókòó lé e. Láti aago mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀ títí di aago kan. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Nígbà tí Sàlàkọ́ wá dìde, ó ní kí Festus lọ ra ohun tí òun yóò mu wá lójú títì, pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Kí ọkùnrin náà tó dé, Sàlàkọ́ ti na ọwọ́ sẹ́yìn táyà, ó ti fa wáyà, bọ́nẹ́ẹ̀tì ti là sílẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, nígbà mìíràn ẹ̀ẹ̀mẹta, Festus a gbé mọ́tò wá. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Adó-Àwáyè, ìyẹn kò rí ojútùú rẹ̀. Ó gbé e dé Ṣakí, wọ́n ní àfi kí wọ́n fi irin já bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, kó sì di ohun tí kò ní pa dé mọ́. Ó padà sọ́dọ̀ Sàlàkọ́. Sàlàkọ́ ti wá mọ adùn rẹ̀. Ní ọjọ́ tí inú rẹ̀ kò bá dùn, á jẹ́ kó jókòó títí di ìrọ̀lẹ́, á wá ní, "Ọwọ́ mi dí lónìí, ọ̀gá. Ẹ gbé e padà. Ẹ wá lọ́la." Bó bá ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn, á máa wo ojú rẹ̀ bóyá yóò ta á létí. Festus a kàn mi orí, a ní kí wọ́n bá òun ti mọ́tò.

Ọ̀ṣẹ́nì tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tó fura.

"Sàlàkọ́, kí ni bàbá yẹn fi ṣe ọ́?"

Sàlàkọ́ sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ọ̀ṣẹ́nì ń yí táyà tó wà níwájú rẹ̀ po.

"Ó tọ́ sí i," ló wí nígbẹ̀yìn. "Jẹ́ kó jókòó, jẹ́ kí oòrùn pa á. Ṣùgbọ́n wáyà yẹn, fi hàn án. Mọ́tò tí ẹni tó ni ín kò lè ṣí, nǹkan lè ṣe é lójú ọ̀nà."

"Kí nǹkan ṣe é," ni Sàlàkọ́ dáhùn.

Ìyá rẹ̀ kò tíì gbọ́ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá. Iṣẹ́ òwú ríran ni Dúróríkẹ́ ń ṣe fún àwọn ahunṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbé e mọ́. Nígbà tí Sàlàkọ́ sọ fún un, kò pariwo, kò sunkún. Ohun tó béèrè ni, "Ọjọ́ wo ló tún ń bọ̀?"

Lọ́jọ́ náà, ó ti dé ṣọ́ọ̀bù kí Festus tó dé. Ó ní kí ọmọ rẹ̀ kó ẹ́ńjìnnì kúrò lábẹ́ igi ẹ̀mí, ó tẹ́ ẹní síbẹ̀, ó gbé òwú àti ìrànwú rẹ̀ kalẹ̀. Festus jókòó lórí táyà rẹ̀ nínú oòrùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́, Ìyá," ló kí i.

Dúróríkẹ́ kò dáhùn. Ó ń ranwú, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lójú ọkùnrin náà. Kì í wo òwú. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà débi pé ọwọ́ rẹ̀ kò nílò ojú. Festus kọjú sí ọ̀nà, ó kọjú sí mọ́tò, ó wo ilẹ̀. Nígbàkígbà tó bá gbé orí sókè, obìnrin náà ló ń wò ó. Títí di ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n dé ilé, ó jẹ oúnjẹ tó pọ̀ ju èyí tí Sàlàkọ́ ti rí i kó jẹ láti ọdún òjò náà wá.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Festus fa ewúrẹ́ kan wá. Ewúrẹ́ abo, aláwọ̀ dúdú, tó sanra. Ó so ó mọ́ igi ẹ̀mí.

"Ẹ gbà á, ọ̀gá mẹkáníìkì. Ẹ̀yin àti Ìyá."

Sàlàkọ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó rò pé ọkùnrin náà kò tíì kọ́gbọ́n, pé bó ṣe ń gba ewúrẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ló ṣe rò pé ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń ra ojú rere mẹkáníìkì. Wọ́n pa ewúrẹ́ náà. Dúróríkẹ́ kò fi ẹnu kàn án, ṣùgbọ́n ó jókòó wo Ọ̀ṣẹ́nì àti ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, Sàlàkọ́ fi Festus sínú oòrùn láti àárọ̀ títí aago mẹ́rin.

Oṣù kejì ọdún 1984 ni ohun tí Ọ̀ṣẹ́nì ń wí ṣẹlẹ̀. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà, gbogbo igbó láti Ìsẹ́yìn dé Òkèhò ló gbẹ gan-an. Dírẹ́bà lọ́rì kan tó ń bọ̀ láti Ilua ló mú ìròyìn wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Mọ́tò oníbàárà rẹ, Bàbá Festus, ti jóná lójú ọ̀nà o! Iná ló dédé ń yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó jọ pé epo ló ń jò sórí ẹ́ńjìnnì. A kó iyẹ̀pẹ̀, a bu omi, kò síbi tí a máa dà á sí. Bọ́nẹ́ẹ̀tì kò ṣí. Mo fi irin ṣẹ́ ẹ títí, kò ṣí. Bàbá yẹn fi ọwọ́ lásán mú etí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń fà á, irin ti pọ́n! Àwa la fi tipátipá já a kúrò. Awọ ọwọ́ rẹ̀ kù sára mọ́tò."

Sàlàkọ́ jókòó sórí táyà tí Festus máa ń jókòó lé. Inú rẹ̀ dùn. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó dìde, ó lọ sílé lọ sọ fún ìyá rẹ̀.

"Ọwọ́ wo?" ni Dúróríkẹ́ béèrè.

"Méjèèjì."

Obìnrin náà gbé ìrànwú sílẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó sì tún gbé ìrànwú.

Ní ọjọ́ kejì, Sàlàkọ́ wọ lọ́rì dé ibi tí mọ́tò náà jóná sí. Ó ṣì wà lẹ́bàá ọ̀nà, gbogbo funfun rẹ̀ ti di eérú, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti yọ́ mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni níbẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn ibi tí táyà ọ̀tún wà tẹ́lẹ̀, ó fọwọ́ ho eérú kúrò. Wáyà náà wà níbẹ̀. Gírísì ti jó tán lára rẹ̀, ó ti dúdú, àmọ́ kò já. Ó fà á. Lọ́ọ̀kì tú, bọ́nẹ́ẹ̀tì fò sókè díẹ̀, wẹ́rẹ́, bí ó ti máa ń ṣe. Ó gbé e. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ tí ènìyàn lè pè lórúkọ.

Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Ó wo àmì irin tí dírẹ́bà lọ́rì fi ṣẹ́ ẹ. Ó wo ibi méjì létí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí kò dúdú tó ibi yòókù, tí ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́. Ìgbà náà ni inú tó dùn láti àná dákẹ́ nínú rẹ̀. Kì í ṣe pé àánú ṣe é. Ó kàn rí i pé ó ku ohun kan tí òun kò tíì ṣe: Festus kò mọ ẹni tó ń jẹ òun níyà. Ìyà tí ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò mọ ìdí rẹ̀, kí ló yàtọ̀ sí àìsàn? Ó pinnu láti lọ sọ fún un.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Bọ́sẹ̀ ló fi bẹ́ẹ̀dì hàn án ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ti fi báńdéèjì we ọwọ́ Festus méjèèjì títí dé ìgúnpá, ó nà wọ́n síwájú lórí ìrọ̀rí bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Sàlàkọ́ dúró nídìí bẹ́ẹ̀dì. Kò kí i.

"Ṣé o mọ̀ mí?" ló wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kò fi 'ẹ' bá a sọ̀rọ̀.

Festus wò ó. "Ọmọ Ọdẹ́jọbí ni ọ́," ló wí. "Ẹrù méjìlá."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí Sàlàkọ́ ti tò sílẹ̀ láti ilé ló pòórá.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọjọ́ tí ìyá rẹ wá jókòó. Ojú fèrèsé ni mo wà lọ́jọ́ òjò náà. Mo rí i nígbà tó bọ́ ìró rẹ̀. Èmi nìkan ló wà nínú yàrá, tapólì ńlá tí wọ́n fi ń bo lọ́rì sì wà nílẹ̀ nínú yàrá yẹn tí ì bá bo gbogbo ẹrù náà. Mi ò gbé e jáde. Obìnrin yẹn kò ṣeé gbàgbé."

"O mọ̀, o sì tún ń bọ̀?"

"Mo ń bọ̀. Mo ní tí mo bá jókòó tó nínú oòrùn náà, á tán. Mo mú ewúrẹ́ wá. Mo mọ̀ pé o fi nǹkan pamọ́ sínú mọ́tò yẹn. Ibi tó wà ni mi ò mọ̀. Ọlọ́pàá wá bi mí lánàá pé kí ló dé tí kò ṣí. Mo ní mọ́tò náà ti gbó ni. Jẹ́ kó parí síbẹ̀, ọmọ mi. Mo ti san án."

Inú bí Sàlàkọ́ lọ́nà tí kò tíì bí i rí, kódà lọ́jọ́ òjò. Ó tẹ̀ síwájú, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

"Ta ló ní o ti san án? Ìwọ lo yẹ tábà bàbá mi wò, ìwọ lo sọ ohun tó jẹ́. Ní báyìí, ìyà tó tọ́ sí ọ, ìwọ náà lo tún yẹ̀ ẹ́ wò, ìwọ lo tún sọ pé ó ti tó! Àṣé gbogbo ìgbà tí mo rò pé mò ń fìyà jẹ ọ́, ìwọ lò ń wọ̀n ọ́n fún ara rẹ!"

Nọ́ọ̀sì sáré wọlé. Festus kò gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe?"

Sàlàkọ́ jọ̀wọ́ irin bẹ́ẹ̀dì. Ó jáde.

Dúróríkẹ́ ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé. "Ṣé o sọ fún un?"

"Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, Ìyá mi. Láti ọjọ́ tí ẹ wá jókòó ló ti mọ̀. Ó ní ẹ kò ṣeé gbàgbé."

Ojú ìyá rẹ̀ tú ká díẹ̀díẹ̀, bí ojú ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. "Ó mọ̀ mí," ló wí. "Ó dáa bẹ́ẹ̀." Láti ọjọ́ náà, kò dárúkọ Festus mọ́ títí ó fi kú lọ́dún 1988. Tirẹ̀ ti tán. Ti ọmọ rẹ̀ kò tán.

Wọ́n gbé Festus lọ sí ìlú rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ jiná. Àwọn tó rí i sọ pé ìka rẹ̀ kò na tán mọ́, pé ẹlòmíràn ló ń bá a bọ́ bọ́tìnnì. Ọlọ́pàá kò wá béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ Sàlàkọ́, ìyẹn gan-an sì wà lára ohun tó ń bí i nínú, pé ẹnu Gbé-e-padà ló yọ òun. Ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó fẹ́ Àwáwù, ó bí ọmọ mẹ́rin. Ó di ẹni tí wọ́n ń wá láti Ṣakí àti Àgọ́-Àmọ́dù nítorí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó há. Bó bá ti ṣí i, á so wáyà mọ́ ahọ́n lọ́ọ̀kì, á yọ orí rẹ̀ jáde níwájú, á ká a ní òrùka tó gba ìka méjì. Kò ní jẹ́ kí ẹni tó ni mọ́tò lọ títí onítọ̀hún yóò fi fà á lẹ́ẹ̀mẹta lójú rẹ̀. Bí ìyàwó ẹni náà bá wà nínú mọ́tò, á ní kí òun náà sọ̀ kalẹ̀ wá fà á.

Ọ̀ṣẹ́nì bi í nígbà kan, ní ọ̀sán ọjọ́ tí iṣẹ́ kò pọ̀, bóyá ó ti dárí ji ọkùnrin náà.

"Rárá," ni Sàlàkọ́ wí. Ó ń fi bẹntiróòlù fọ gírísì kúrò lọ́wọ́. "Bó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé ibí lónìí, inú oòrùn ni màá fi í sí. Àárọ̀ ṣúlẹ̀." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Ṣùgbọ́n màá fi wáyà hàn án kó tó lọ."